“Solitude” ti Candlemass: gìtá wa kò bá àwo mu, orin náà kò sì wúwo

Okùn-Mẹ́fà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. “Solitude” là ń kọ́, orin tó ṣíwájú lórí Epicus Doomicus Metallicus, àwo tí Candlemass ti Sweden, ẹgbẹ́ doom (irú heavy metal tó ń falẹ̀ tó sì wúwo), gbé jáde ní 1986. Gìtá méjì, béèsì kan, ìlù kan. Ọ̀kan nínú àwọn onígìtá ló ń kọrin. Ibi tí ìka ń lọ kò ṣòro, a ti mọ̀ ọ́n. Ìyókù ló ń dà wá láàmú.

Tí a bá gbé àwo (LP ni o, kì í ṣe CD) tí a sì ń ta gìtá tẹ̀ lé e, ohùn kì í dọ́gba. Lọ́jọ́ kan àwo á ga jù wá lọ díẹ̀, lọ́jọ́ kejì á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá wa mu. Tuner, ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn okùn, sì ń sọ pé gìtá kò yẹ̀.

Tí a bá ta á bó ṣe falẹ̀ lórí àwo, ńṣe ló ń dún bíi rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú. Kò wúwo rárá. A ti yí gain (bọ́tìnì tó ń mú kí ohùn gìtá ha lórí amp, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde) dé òpin, pàbó ló já sí.

Okùn 10–46 (ìnípọn èyí tó tínrín jù àti èyí tó nípọn jù, ní ìdá ẹgbẹ̀rún íǹṣì) ló wà lórí gìtá méjèèjì. Nígbà tí a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fret mẹ́ta (fret ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá), èyí tó nípọn jù rọ̀ bíi rọ́bà, ó ń gbá fret. Ṣé okùn la máa pààrọ̀ ni àbí gìtá?

Èyí tó kẹ́yìn: ta ló kọrin gan-an? Ọkùnrin sísanra kan tó wọ aṣọ mọ́ńkì là ń rí nínú fídíò, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti inú àwo.

AwoDúdú:

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn. Johan Längqvist ló kọrin lórí àwo yẹn. Àlejò ni: Leif Edling, tó ń ta béèsì tó sì kọ gbogbo orin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ló pè é wá sí stúdíò, ó kọ tirẹ̀ tán, ó bá tirẹ̀ lọ. Àlejò náà ni Klas Bergwall tó ta àwọn ibi tí gìtá ti ń dá sọ̀rọ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lórí àwo kò ju mẹ́ta lọ: Edling, Mats Björkman lórí gìtá kejì, Matz Ekström lórí ìlù. Stúdíò Thunderload ní Stockholm ni wọ́n ti ṣe é, Ragne Wahlquist ti ẹgbẹ́ Heavy Load sì bá wọn bójú tó o.

Messiah Marcolin ni aláṣọ mọ́ńkì yẹn. Àwo kejì, Nightfall (1987), ló bá dé, òun àti Lars Johansson lórí gìtá àti Jan Lindh lórí ìlù. Nítorí náà, “Solitude” èyíkéyìí tí ẹ bá gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, kì í ṣe ti àwo 1986 yẹn. Àtúntẹ̀ kan wà tó ní CD méjì, tí èkejì jẹ́ eré Birmingham 1988: ohùn Marcolin ló wà lórí èkejì yẹn. Ẹ má fi ọ̀kan kọ́ èkejì. Ohùn Längqvist ń lọ tààrà, ó sì ní ìbànújẹ́ nínú. Ti Marcolin ń gbọ̀n gbooro bíi ti olórin ópẹ́rà. Längqvist padà sínú ẹgbẹ́ ní 2018, òun náà ló wà lórí The Door to Doom (2019), tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ bí ohùn kan náà ṣe rí lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Ó wá ku ti ohùn tó ń ga tó ń rẹlẹ̀. Iná wo lẹ fi ń gbé àwo? Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, gìtá kò jẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àwo tó ń fi rọ́bà yí, pàápàá àwọn ti àtijọ́, mọ́tò wọn kì í dá ìsáré ara rẹ̀ pinnu. Bí iná bá ṣe ń lù ló ń tẹ̀ lé. 50 Hz (ìgbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) ni iná ìjọba ní Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Sweden. Jẹnẹrétọ̀ tí wọn kò gbé ẹrù lé lè máa sáré ní 52 Hz. Àwo á sì fi 4% yára jù. Fret kan péré tó nǹkan bíi 6%, ẹ ti fi ìdá méjì nínú mẹ́ta fret yẹ̀ nìyẹn. Tí fíríìjì bá wá gbé iná, jẹnẹrétọ̀ á rọ̀, ohùn àwo á rẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi rí bákan náà lójoojúmọ́.

Wọ́n lè sọ fún yín pé kí ẹ lo páálí aláàmì tí wọ́n ń tẹ́ lé orí àwo, èyí tó ní ìlà 180 fún 33⅓ lábẹ́ iná 50 Hz. Lórí jẹnẹrétọ̀, irọ́ ló máa pa fún yín. Iná kan náà ló ń yí mọ́tò, òun náà ló ń tan gílóòbù. Méjèèjì jọ yẹ̀, ìlà á sì dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe. Gílóòbù LED ẹ̀wẹ̀, púpọ̀ nínú wọn kì í ṣẹ́jú bó ṣe yẹ rárá. Ẹ lẹ bébà funfun kékeré mọ́ etí àwo, ẹ tan aago fóònù, kí ẹ ka ìyípo 100. Ìṣẹ́jú mẹ́ta géérégé, ìyẹn ìṣẹ́jú-àáyá 180, ló gbọ́dọ̀ gbà. Tó bá gba 173, 4% tí mo sọ nìyẹn. Abẹ́rẹ́ ni kó wà lórí àwo nígbà tí ẹ bá ń kà á, nítorí ó ń fà á sẹ́yìn díẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀: ẹ gbé àwo pẹ̀lú inverter tó ń mú iná jáde ní 50 Hz láì yẹ̀, tàbí kí ẹ fi CD kọ́ orin, kí ẹ fi LP gbádùn ara yín. Ẹ̀rọ àwo tí quartz (òkúta kékeré tó ń pa àkókò mọ́, bíi ti inú aago ọwọ́) ń darí kò ní wàhálà yìí.

BéèsìÌsàlẹ̀:

Ẹ má ra gìtá tuntun o. Ìṣirò okùn ló kù.

Fret kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá rẹ okùn sílẹ̀, nǹkan bíi 11% nínú líle rẹ̀ ló ń lọ. Fret mẹ́ta, 29% ti wọgbó. Kí líle yẹn tó padà, okùn gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi 19% nípọn sí i: 10 á di 12, 46 á di 54 tàbí 55. Tó bá jẹ́ fret méjì ni ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, 11–52 tó. Fún fret kan ṣoṣo, 10–46 yín ṣì lè gbà á tí ọwọ́ tó ń ta á bá fúyẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún yín pé fret mẹ́ta ni? Orí Master of Reality ti Black Sabbath (1971) ni ọ̀rọ̀ fret mẹ́ta ti gbajúmọ̀, gbogbo ènìyàn sì ń gbé e lé gbogbo doom lórí. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tí AwoDúdú sọ, kí ohùn àwo dúró sójú kan. Lẹ́yìn náà ẹ gbọ́ béèsì nìkan: ẹ wá nóòtì tó rẹlẹ̀ jù lọ nínú gbogbo orin náà, èyí tí ohun tí wọ́n ń ta máa ń padà sí. Ẹ yí okùn tó nípọn jù títí tí nóòtì yẹn fi bọ́ sórí okùn tí ẹ kò tẹ̀. Ẹ wá ta gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tí ìka bá ń fò káàkiri ọrùn gìtá láti mú nóòtì tó yẹ kó wà nítòsí, ẹ ti yí i kọjá ibi tó yẹ nìyẹn.

Tí ẹ bá ti fi okùn tó nípọn sí i, nǹkan mẹ́ta ló máa bàjẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ tún un ṣe bí mo ṣe tò ó yìí, torí ọ̀kan ń ti èkejì.

Ọrùn ló ṣáájú. Ẹ tẹ okùn tó nípọn jù mọ́ fret àkọ́kọ́ àti fret tó kẹ́yìn, kí ẹ wo àlàfo tó wà láàárín okùn àti fret keje. Nǹkan bíi 0.25 mm ló dáa. Tó bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, ẹ yí irin inú ọrùn sọ́tùn-ún ní ìdá mẹ́rin ìyípo kan, kò gbọ́dọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Igi kì í kánjú.

Nut ló tẹ̀ lé e, ìyẹn èékánná funfun tó wà lókè ọrùn tí okùn ń gba ihò rẹ̀ kọjá. Ihò tí wọ́n gbẹ́ fún 46 kò gba 54. Okùn á há síbẹ̀: bí ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́ orí gìtá, kò ní mira, lójijì á dún “píǹ!”, á sì fò kọjá ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ ká yanrìn-bébà 400 mọ́ okùn àtijọ́ kan tó tínrín ju tuntun lọ díẹ̀, kí ẹ fi fa ihò náà, kó fẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má gbẹ́ ẹ jìn sísàlẹ̀. Tó bá jìn, okùn tí ẹ kò tẹ̀ á máa gbá fret àkọ́kọ́, nut tuntun ni ẹ máa rà. Ẹ fi ẹnu pẹ́ńsù dúdú kùn ún nínú, okùn á máa yọ̀.

Ti ìsàlẹ̀ ló kù, níbi tí irin kékeré gbé okùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ ta okùn láì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní fret 12. Tí ti fret 12 bá ga jù, ẹ fa irin náà sẹ́yìn. Tó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, kọ́ọ̀dù á dùn nísàlẹ̀ ọrùn, á sì kan lókè, ẹ̀yin á wá máa bá tuner jà.

Ìka-Méjì:

Ọ̀gá BéèsìÌsàlẹ̀, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí wọ́n rò pé okùn nínípọn ló bí doom. Tony Iommi ti Black Sabbath, tí gbogbo wọn kọ́ lára rẹ̀, okùn tínrín ló ń lò. Ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ irin gé orí ìka rẹ̀ méjì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìdí tó fi rẹ okùn sílẹ̀ ni pé kó rọ̀ fún ìka tó ń dùn ún. Rírọ̀ tí àwọn ará yìí ń sá fún, òun ló ń wá. (Òun náà ló ta gìtá nínú orin kan lórí The Door to Doom, ẹ wo bí odò ṣe padà sí orísun.)

BéèsìÌsàlẹ̀:

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n okùn tó rọ̀ ń fẹ́ ọwọ́ tó mọ ìwọ̀n. Tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bá tẹ okùn rírọ̀ mọ́lẹ̀ tagbára-tagbára, nóòtì á ga ju bó ṣe yẹ lọ. Tó bá gbá a líle, ohùn á kọ́kọ́ fò sókè kó tó sọ̀ kalẹ̀. Gìtá méjì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ pọ̀ kò lè dún bí ọ̀kan láéláé. Kí wọ́n fi okùn tó le bẹ̀rẹ̀, kí ọwọ́ wọn fúyẹ́ tó kí wọ́n tó wá lọ sí tínrín.

ÌlùẸsẹ̀:

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni wọ́n fò dá yìí: “kò wúwo.” Ẹ gbàgbé okùn fún ìgbà díẹ̀.

Nínú orin tó yára, bí gìtá bá fi ìdá 40 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ sí ìlù, ariwo á bò ó. Nínú doom, nóòtì kan dá dúró sí gbangba, etí gbogbo ènìyàn sì wà lára rẹ̀. Ní 60 bpm (kíkà ọgọ́ta ní ìṣẹ́jú kan), kíkà kan gba ìṣẹ́jú-àáyá kan odindi, bar (ìdì kíkà) ẹlẹ́kà mẹ́rin sì gba mẹ́rin. Tí béèsì, ìlù ẹsẹ̀ àti gìtá méjèèjì kò bá balẹ̀ pọ̀, ẹ kò ní gbọ́ “gbì!”; “gbìrì-gbì-rì” lẹ máa gbọ́, bí ìgbà tí àpò ìrẹsì mẹ́rin ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Rédíò tí bátìrì rẹ̀ fẹ́ kú nìyẹn.

Ẹ wọn ìsáré orin fúnra yín: ẹ ka iye kíkà nínú ìṣẹ́jú-àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ ṣe é ní ibi mẹ́ta nínú orin náà, torí àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò dúró sójú kan bí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà ẹ yí metronome, ẹ̀rọ tó ń lu kíkà, sí ìlọ́po méjì iye tí ẹ rí. Tó bá jẹ́ 60 lẹ rí, ẹ fi sí 120: á máa lù láàárín àwọn kíkà yín, àlàfo ò ní dẹ́rù bà yín mọ́. Tí ẹ bá ti ta orin náà lódindi lẹ́ẹ̀mẹ́ta láì yẹ̀, ẹ dá a padà sí 60. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi sí 30, kó máa lù fún 1 àti 3 nìkan. Ibi tí ẹ̀yin àti metronome bá ti pínyà ní 30, ibẹ̀ gan-an ni ẹ ti ń sáré láì mọ̀. Nǹkan bíi ìgbà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kíkà 4 ni: ọwọ́ ti ń yún yín láti gbá 1 tó ń bọ̀.

Èyí tí wọn kì í kọ́ni: nóòtì ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ní òpin. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni gbogbo yín ń jọ ṣe. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: ó bẹ̀rẹ̀ ní 1, ó parí ní 4, tàbí ó ń dún wọ inú bar tó tẹ̀ lé e. Níbi tó bá parí, kí gbogbo ọwọ́ jọ gbé e mọ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún lé okùn nítòsí ìsàlẹ̀, ìka òsì tú díẹ̀ láì kúrò lórí okùn. Bí onígìtá kan bá pa tirẹ̀ ní 4 tí èkejì jẹ́ kó máa wọ́ lọ, ìdákẹ́ yẹn ti bàjẹ́. Ìdákẹ́ ló sì ń jẹ́ kí gbígbá tó tẹ̀ lé e wúwo.

Onílù yín ńkọ́? Ẹ sọ fún un pé kó má fi ìlù kún àlàfo. Kó gbá cymbal kó jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀. Snare ní agbára, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣáájú. Tó bá máa yẹ̀, kó yẹ̀ sẹ́yìn ní ìwọ̀nba irun orí.

Okùn-Mẹ́fà:

Jẹnẹrétọ̀ ni lóòótọ́. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ti gain ńkọ́? Tí a bá dín in kù, kọ́ọ̀dù ń kú kí kíkà mẹ́rin tó pé.

ÌlùẸsẹ̀:

Kọ́ọ̀dù ń kú torí pé ohùn amp kéré jù. Ẹ dín gain, ẹ fi volume kún un. Gain tó pọ̀ jù ń tẹ gbogbo nǹkan pẹlẹbẹ: gbígbá líle àti gbígbá jẹ́jẹ́ á dún bákan náà, etí kò ní rí ibi tí nóòtì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àlàfo ẹ̀wẹ̀, “ṣṣṣ” ni ẹ máa gbọ́ dípò ìdákẹ́.

Ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀, lórí amp tó ní 0 dé 10: gain 5, bass 4, mid 7, treble 5. Bass 4 máa jọ yín lójú pé ó kéré. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìsàlẹ̀ 100 Hz, ilé béèsì ni. Tí gìtá méjì bá lọ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹrẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ máa dà. Kí onígìtá tó ń kọrin fi gain rẹ̀ sí 4, èkejì 5. Tí iyàrá yín bá kéré tí ògiri rẹ̀ sì jẹ́ síméńtì lásán, ẹ pa reverb (bọ́tìnì gbohùngbohùn) pátápátá, ògiri ti ṣe tirẹ̀.

Ẹ wo bí “Solitude” ṣe bẹ̀rẹ̀: gìtá jẹ́jẹ́ àti ohùn ènìyàn ló kọ́kọ́ wọlé, kí ẹrù tó já lulẹ̀. Ẹ yí volume ara gìtá sí 3, kí ẹ lo pickup (mágínẹ́ẹ̀tì abẹ́ okùn tó ń gbọ́ ohùn rẹ̀) tó sún mọ́ ọrùn fún apá yẹn. Nígbà tí ibi ńlá bá tó, ẹ yí i sí 10 kí ẹ sì bọ́ sí pickup ìsàlẹ̀. Ẹ kò nílò pẹ́dálì kankan. Kí ẹni kan máa fi ọwọ́ ka “3, 4”, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wọlé tútù jù.

AwoDúdú:

Fún olórin yín: kò gbọ́dọ̀ gbìyànjú gbígbọ̀n Marcolin. Kó mí sínú ikùn ní ìdákẹ́ tó ṣáájú ìlà, kó di nóòtì mú tààrà fún kíkà méjì, kó tó jẹ́ kó mì díẹ̀ níparí. Tó bá ń ta gìtá pọ̀ mọ́ ọn, kó gbé kọ́ọ̀dù tó bá ṣòro fún èkejì; Längqvist kò ta nǹkan kan lórí àwo yẹn, orin nìkan ló kọ.

Lẹ́yìn “Solitude”, ẹ mú “Under the Oak”. Ẹgbẹ́ náà tún un ṣe pẹ̀lú Marcolin lórí Tales of Creation ní 1989, ẹ lè fi ẹ̀dà méjèèjì sára wọn kí ẹ gbọ́ ohun tí onílù méjì ṣe pẹ̀lú orin kan náà. Ẹ fi “A Sorcerer’s Pledge” sílẹ̀ di ìgbẹ̀yìn: ó ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ, ìsáré rẹ̀ ń yí padà láàárín, ẹ sì máa nílò obìnrin tó lè kọ ohun tí Cille Svensson kọ níparí rẹ̀.

Okùn-Mẹ́fà:

Ìyípo 100 gba ìṣẹ́jú-àáyá 174 lórí jẹnẹrétọ̀. A ti bọ́ sórí inverter, ó di 180. Okùn 11–52 la máa rà.